Èérí Ògì Tí À Ń Dà Fún Ewúrẹ́

Láàárín ọdún 2016 sí 2019, bí ẹ bá tú báàgì mi yẹ̀wò, ẹ óò bá téèpù tí mo fi ń wọn oníbàárà níbẹ̀, ẹ óò bá ṣọ́ọ̀kì, ẹ óò sì bá káàdì kápúsù pupa-àti-yẹ́lò kan tí mo ti lò dé ìdajì. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà níbẹ̀. Bí imú mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń yún mi, bí inú bá kàn ń lọ́ mi lásán, kápúsù yẹn ni mo máa ń nawọ́ sí. Ẹyọ méjì láàárọ̀, ẹyọ méjì lálẹ́. Tí ara bá ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, n óò dá a padà sínú báàgì di ìgbà mìíràn. Ẹni tó ń tà á fún mi ní kẹ́mísì àdúgbò wa kò bi mí rí bóyá dókítà ló kọ ọ́ fún mi, èmi náà kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè. Kápúsù tí mo bá lọ́wọ́ àwọn òbí mi ni, tí wọ́n ń tú u sínú ògì fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé.

Oúnjẹ ńkọ́? Mo ń jẹun yó, kí ẹ má rò pé ebi ló pa mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ iṣẹ́ télọ̀ mọ̀ pé tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ìdí màṣíìnì ni ilẹ̀ ń mọ́ sí, ibẹ̀ náà ló ń ṣú sí. Búrẹ́dì àti mínírà tútù láàárọ̀, núdù tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi bá sè lọ́sàn-án, ìrẹsì funfun àti ẹran díndín lálẹ́. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ṣe fàájì, n óò rán wọn lọ ra àmàlà, ṣùgbọ́n n óò kìlọ̀ pé kí wọ́n fi ọbẹ̀ ata àti ẹran sí i nìkan, nítorí ewédú máa ń ta sí aṣọ oníbàárà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀wà kò ní kan ẹnu mi. Mo ní ẹ̀wà máa ń mú inú mi kún.

Ara mi wá di ohun tí kò yé mi mọ́. Ọ̀fìnkìn tó mú mi lóṣù Kẹta yóò tún padà wá lóṣù Kẹrin. Ikọ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi wú fún ọjọ́ mẹ́ta, tó bá ràn mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni. Mo lè wà fún ọjọ́ mẹ́rin láìyàgbẹ́, ikùn mi yóò le bí ìlù. N kò so wọ́n mọ́ ara wọn rárá. Lójú tèmi, imú ni ti ọ̀fìnkìn, ikùn ni ti inú kíkún. Kí ló wá pa wọ́n pọ̀?

Ìparí ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Mo ti ń gbé kápúsù mì nítorí ọ̀nà ọ̀fun fún bí ọjọ́ mẹ́jọ, ni ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo dìde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, ọkọ mi ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fa omi sí mi lára. Dókítà kan, ọmọ tí mo lè bí, fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní kí n ka gbogbo oògùn tí mo ti lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà fún òun. Mo ń kà, ó ń kọ. Nígbà tí mo ka ìkeje, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní, "ọ̀fìnkìn tí ẹ ń sọ yìí, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kápúsù yẹn kò lè fi ọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà ló ń pa, àwọn bakitéríà tó sì pọ̀ jù lára yín, inú ìfun ńlá yín ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń bá yín ṣọ́ ibẹ̀. Olè ò sí nílé, mà. Ọdẹ tó ń ṣọ́lé lẹ ń yìnbọn fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi lọ.

Ìyá mi ń gbé ní Òjé, nínú agboolé bàbá mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ṣe ògì tà. Lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn tí ara mi yá, mo lọ kí wọn, mo bá ọmọ àbúrò mi níbẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wá ran ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá ti rẹ àgbàdo láti Ọjọ́rú, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ dé. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ta aṣọ funfun tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì sẹ́nu abọ́ ńlá, wọ́n ń bu àgbàdo lílọ̀ sí i, wọ́n ń bu omi lé e, wọ́n ń fi ọwọ́ rò ó yípo yípo. Omi funfun ń jò sísàlẹ̀, ó ń dún wọ̀ọ̀ sínú abọ́. Ohun tó kù lórí aṣọ ni èérí: awọ àgbàdo tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti iyanrìn odò, ó ń ṣe ṣákiṣàki lọ́wọ́, òórùn kíkan rẹ̀ sì ta sí mi nímú láti ibi tí mo dúró sí. Màmá fún aṣọ náà títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, wọ́n gbọn èérí sínú bàsíà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ewúrẹ́ mẹ́ta ti dúró ti bàsíà yẹn kí ó tó balẹ̀.

"Bíìgì Mọ́mì," ọmọ náà pè mí, "ṣé ẹ̀ ń wo ohun tí ewúrẹ́ yẹn ń jẹ? Ohun tí àwọn bakitéríà inú yín ń fi ojoojúmọ́ tọrọ lọ́wọ́ yín nìyẹn."

Màmá gbójú sókè. "Kí ni ọmọ yìí ń wí?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún wọn. Ẹ̀yin náà ẹ máa gbọ́."

Bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ náà, àti bí mo ṣe tún béèrè lẹ́yìn ìgbà náà títí ó fi yé mi, nìyí. Oúnjẹ tí a bá jẹ, ìfun kékeré ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sára. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí ara èèyàn kò ní irinṣẹ́ tí yóò fi dà á: awọ àgbàdo, èèpo ẹ̀wà, okùn inú ẹ̀fọ́, yíyọ̀ inú ewédú àti ilá. Wọ́n ń pè é ní fáíbà. Yóò la ìfun kékeré kọjá bó ṣe wà, yóò dé ìfun ńlá, ibẹ̀ ni àwọn bakitéríà ti ń dúró dè é. Wọn yóò jẹ ẹ́, wọn yóò sì mú un kan, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ṣe ń kan nínú ìkòkò Màmá. Ohun tó ń jáde nínú iṣẹ́ wọn ni oríṣi ásíìdì mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní acetate, propionate àti butyrate. Ásíìdì ọ̀rá kúkúrú ni orúkọ àpapọ̀ wọn, nítorí pé kábọ́ọ̀nù inú wọn kò pọ̀: acetate ní méjì, propionate ní mẹ́ta, butyrate ní mẹ́rin. Acetate yìí kò ṣàjèjì sí ilé ìdáná wa, òun ló mú kí fínígà kan.

Mo bi í bóyá ásíìdì yẹn kan náà ló wà nínú ògì. Ó ní rárá, ti ògì jẹ́ ásíìdì mìíràn, lactic acid, àwọn bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus ló sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé àwọn kan wà nínú ìfun ńlá tí wọ́n ń jẹ lactic acid yìí, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di butyrate. Ohun tí ẹnìkan ṣe tán ni ẹlòmíràn ń fi ṣe oúnjẹ. Inú mi dùn sí èyí gan-an, n kò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá nítorí pé bí ọjà Bódìjà ṣe rí náà nìyẹn, ẹni tó kó èlùbọ́ wá láti oko kọ́ ni yóò rò ó ní àmàlà.

Wọ́n pọ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Nínú ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2016, bakitéríà inú ara ọkùnrin kan tó jẹ́ ìwọ̀n déédéé tó tírílíọ̀nù 38, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara, jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 30. Ìfun ńlá ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kó jọ sí.

Kí ló wá kan àìsàn àti ìlera nínú gbogbo èyí? Ọmọ náà na ọwọ́ sí ògiri agboolé wa. Ògiri amọ̀ ayé àtijọ́ ni, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú ni. Ó ní ògiri tó wà láàárín ohun tó ń gba inú ìfun ńlá kọjá àti ẹ̀jẹ̀ wa fẹ́lẹ́ gan-an, ìlà sẹ́ẹ̀lì kan péré ni, wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, tuntun ti rọ́pò ògbó. Butyrate ni oúnjẹ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ògiri yìí yàn láàyò. Nínú agbára tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, tí a bá pín in sí 100, nǹkan bíi 70 ló ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Tí wọ́n bá rí i jẹ, wọ́n á so mọ́ ara wọn pinpin, wọ́n á sì máa tú ikun tó ń yọ̀ sórí ògiri náà, èyí tí kì í jẹ́ kí kòkòrò burúkú rí ibi dì mú.

Tí fáíbà kò bá wá ńkọ́? Lára eku ni wọ́n ti wo èyí, wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2016. Wọ́n gba fáíbà kúrò nínú oúnjẹ àwọn eku, ebi wá pa àwọn bakitéríà inú wọn, wọ́n yíjú sí ikun orí ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ikun náà tín-ín-rín, nígbà tí wọ́n sì fún eku wọ̀nyẹn ní kòkòrò tó ń fa àrùn ìfun, kíákíá ló rí ọ̀nà wọlé. Màmá dá sísẹ́ ògì dúró nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí. "Àwọn tó ń ṣọ́lé ló wá ń wú ògiri jẹ?" Ọmọ náà ní, "Ebi ni, Màmá."

Apá kejì rẹ̀ ló ràn mí lọ́wọ́ jù, òun ni mo sì máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi. Lẹ́yìn ògiri yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun ara wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, pàgọ́ sí. Ọmọ Ìbàdàn ni wá, ìlú tí jagunjagun dá sílẹ̀, a mọ ohun tí ọmọ ogun lè dà tí kò bá sí ẹni tí ń pàṣẹ fún wọn. Ara tí ọmọ ogun rẹ̀ bá ń gbéjà ko gbogbo ohun tó bá kọjá, eruku, oúnjẹ, bakitéríà tí kò ṣe nǹkan kan, ara yẹn kò ní sinmi, wíwú àti gbígbóná ni yóò máa bá a fínra. Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ pé ó tó. Mọ́gàjí ni mo máa ń pè é. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú agboolé, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fa igi yọ, mọ́gàjí ni yóò jáde, kò ní gbé igi, yóò kàn sọ̀rọ̀, olúkúlùkù á sì padà síyàrá rẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní Japan àti Amẹ́ríkà, tí kálukú wọn ń ṣe tirẹ̀, rí i lára eku pé butyrate máa ń jẹ́ kí irú sẹ́ẹ̀lì yìí pọ̀ sí i lágbègbè ìfun. Ásíìdì tí bakitéríà fi èérí ṣe ló ń jẹ́ kí mọ́gàjí pọ̀ nínú agboolé.

Ọ̀rọ̀ imú àti ikùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ásíìdì wọ̀nyí kì í dúró sójú kan. Díẹ̀ nínú wọn máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ, wọ́n á dé inú mùdùnmúdùn eegun níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ̀dá ọmọ ogun tuntun. Nínú ìwádìí kan lọ́dún 2014, eku tó jẹ fáíbà púpọ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò wú tó ti eku tí kò rí i jẹ nígbà tí wọ́n gbé ohun tí ara rẹ̀ kórìíra síwájú rẹ̀. Eku ni o, èèyàn kì í ṣe eku, n kò sì ní sọ ohun tó ju ohun tí wọ́n rí lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti sọ mọ́ pé imú àti ikùn kò bára tan.

Ti èèyàn náà wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọdún 2015. Wọ́n mú ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú 20 ní ìlú Pittsburgh, wọ́n mú ará ìgbèríko 20 ní South Africa, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, fáíbà wọn tó gíráàmù 55 lójúmọ́. Àwọn ará South Africa ń jẹ ẹran, ọ̀rá àti oúnjẹ tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ dànù. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Butyrate inú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ti àwọn ará South Africa sì fà sẹ́yìn dé ìdajì. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 2010, wọ́n ti fi àwọn ọmọdé abúlé kan ní Burkina Faso, tí wọ́n ń jẹ ọkà bàbà, jéró àti ẹ̀wà, wé àwọn ọmọdé ìlú Florence ní Ítálì. Ásíìdì kúkúrú wọ̀nyí pọ̀ nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ abúlé náà ju ti àwọn ọmọ Ítálì lọ dáadáa. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi ka èyí fún mi, ohun tó dùn mí ni pé èmi tí mo ń gbé Ìbàdàn, tí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ wà ní ìdúró mi àti ìbẹ̀rẹ̀ mi, ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi ìwádìí sọ pé ó ń fi ebi pa ohun tó ń ṣọ́ mi. Owó mi ni mo sì ń fi rà á.

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo sì ṣi í ṣe. Mo lọ ra ẹ̀wà olóyin ní Bódìjà, mo fi se àdàlú, mo jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo jẹ ẹ́ lálẹ́, mo fi ọ̀fìo panu láàárín. Ní ọjọ́ kẹta, inú mi wú débi pé n kò lè wọ síkẹ́ẹ̀tì mi. Mo pe ọmọ náà, mo bínú sí i. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀wà ní irú ṣúgà kan tó ń jẹ́ raffinose tí ara wa kò lè dà, bakitéríà ló ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì ń tú jáde. "Bíìgì Mọ́mì, ọdún mélòó lẹ fi pa wọ́n lébi? Ẹ máa bù ú fún wọn díẹ̀díẹ̀." Ó kọ́ mi pé kí n rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí n da omi náà nù, kí n fi omi tuntun sè é, nítorí ṣúgà yẹn máa ń bá omi lọ. Mo dín in kù sí ṣíbí mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sọ ọ́ di ṣíbí mẹ́fà, mo sì ń mu omi sí i. Oṣù kan àti ààbọ̀ kọjá kí n tó lè jẹ abọ́ ẹ̀wà kan kí inú mi má sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, ibi yìí ni kó ti fara balẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá padà.

Ìyókù kò le. Ewédú padà sórí àmàlà mi, mo sì ra épírọ́ọ̀nù tí mo ń so mọ́ra tí mo bá ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù. Gbẹ̀gìrì náà padà. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀, mo ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo ń fi àlùbọ́sà púpọ̀ sí ọbẹ̀, òun náà ní fáíbà kan tí àwọn bakitéríà fẹ́ràn. Ẹ̀kọ tútù tí mo ti pa tì di oúnjẹ àárọ̀ mi: mo kọ́ pé tí wọ́n bá se sítáàṣì tí ó sì tutù, apá kan nínú rẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ tò, ìfun kékeré kò ní lè dà á mọ́, yóò di ti àwọn bakitéríà. Ẹ̀kọ tí a pọ́n sínú ewé, tí ó dì, tí ó sì tutù, ti wà nílẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ butyrate.

Kápúsù ńkọ́? Mo jáwọ́ nínú ríra á fúnra mi, ṣùgbọ́n n kò kórìíra rẹ̀. Lọ́dún 2022, abẹ́rẹ́ màṣíìnì gún mi wọ ìka, ìka náà wú, ó ń ṣe ọyún, ibà gbé mi dè. Dókítà kọ oògùn apakòkòrò ọjọ́ méje fún mi, mo lò ó pé ọjọ́ méje, n kò fi ẹyọ kan pamọ́. Oògùn yẹn ló jẹ́ kí n ṣì ní ìka tí mo fi ń ránṣọ. Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní Denmark, wọ́n fún ọkùnrin 12 tí ara wọn le ní oògùn apakòkòrò alágbára mẹ́ta fún ọjọ́ mẹ́rin. Oṣù kan àti ààbọ̀ kọjá kí bakitéríà inú wọn tó sún mọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sì rèé, oríṣi mẹ́sàn-án kò tíì padà sára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún 2018 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ronú sí ìgbà méje tí mo gbé e mì láàárín ọdún kan, láìjẹ́ pé kòkòrò kankan wà tí mo ń lé.

Ọmọ mi obìnrin bímọ lọ́dún 2023. Ìyá ọkọ rẹ̀, èèyàn dáadáa ni, fẹ́ kí wọ́n fún ọmọ ní omi àti àgbo láti ọjọ́ kìn-ín-ní, bí wọ́n ṣe ṣe fún tiwọn. Èmi gan-an ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi nígbà tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó fi oṣù mẹ́fà mu ọmú nìkan." Mo sọ ohun tí ọmọ àbúrò mi sọ fún mi: pé nínú wàrà ìyá, lẹ́yìn ṣúgà wàrà àti ọ̀rá, ohun tó pọ̀ ṣìkẹta nínú rẹ̀ ni àwọn ṣúgà kan tó lé ní 100 irú, ọmọ fúnra rẹ̀ kò sì lè da ìkankan nínú wọn. Bakitéríà inú ọmọ ni Ọlọ́run ṣe wọ́n fún, pàápàá èyí tó ń jẹ́ Bifidobacterium, tí yóò fi wọ́n ṣe acetate tí yóò máa dáàbò bo ìfun ọmọ. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Àfi kí èèyàn máa bọ́ ẹni tí kò rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ara tèmi. Ọ̀fìnkìn ṣì ń mú mi, bóyá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kì í sì í ju ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Mo ń yàgbẹ́ lójoojúmọ́. N kò lè búra pé èérí àti ẹ̀wà nìkan ló ṣe é, nítorí àkókò kan náà ni mo dín mínírà kù, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn kí aago mọ́kànlá tó lù. Kò sí ẹni tó fi mí sínú ìwádìí. Ìgbà tí oníbàárà bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ìfun, mo máa ń sọ fún un pé kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí oúnjẹ padà. Mo sì ń bínú, títí di òní, nígbà tí mo bá rí ìyá kan tó ń tú kápúsù sínú ògì fún ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣomi lásán. Mo máa ń dìde lórí màṣíìnì lọ bá a. Àwọn kan máa ń gbọ́, àwọn kan máa ń ní kí n máa rán aṣọ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Òjé. Màmá ti ń sẹ́ ògì. Ọwọ́ wọn kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, èmi ni mo bá wọn fún aṣọ náà. Nígbà tí mo fẹ́ gbọn èérí sínú bàsíà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n nawọ́ fa abọ́ kékeré kan jáde lábẹ́ àpótí, abọ́ tó ní ọmọrí. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i, wọ́n dé e, wọ́n gbé e fún mi. Inú mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń pò ó mọ́, wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá da ìyókù síwájú àwọn ewúrẹ́.